Má Tíì Tan Kọ̀ǹpútà Yẹn, Àjọkẹ́

Bódìjà, Ìbàdàn.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní NẸ́PÀ mú iná dé lóru, gílóòbù yàrá rẹ mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, fáànù ń sáré àsápajúdé, fíríìjì ìyá tó wà ní yàrá kejì jó, bẹ́ẹ̀ iná ń ṣe bàìbàì lọ́dọ̀ àwọn ará òkè. Nígbà tílẹ̀ mọ́, o tan kọ̀ǹpútà tó o fi ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ Yunifásítì. Ó tàn, ṣùgbọ́n òórùn ike tó ń jó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kú fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá ọ tún un ṣe yẹ páwà páàkì wò, ó ní kò séwu. O wá ní kí n sọ bóyá o lè máa lò ó lọ.

Má lò ó. Yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri kó o tó ka lẹ́tà yìí síwájú.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe yín ní Agbowó lóru yẹn. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wá láti ara tìránsífọ́mà. Ìkẹrin ni niútírà, tí iná ń gbà padà. Láàárín wáyà kan àti niútírà, nǹkan bí 230 fólítì la máa ń rí. Láàárín wáyà méjì tó ń gbé iná, ó tó 400. Bí niútírà bá já lórí òpó, iná ò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà padà mọ́, á máa gba ilé ẹnì kan bọ́ sí ilé ẹlòmíì. Ẹni tó tan nǹkan púpọ̀ á rí bàìbàì. Ẹni tó tan díẹ̀, orí tirẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú 400 yẹn máa dà lé. Ìdí nìyẹn tí yàrá rẹ fi mọ́lẹ̀ tí ti òkè fi ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ páwà páàkì kọ̀ǹpútà ni wọn ò ṣe láti gbà ju 264 fólítì lọ.

O ní ó ṣáà tàn. Ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ tó dìde tó ń rìn, ta ló lè búra pé inú rẹ̀ ò fọ́? Iṣẹ́ páwà páàkì ni láti gba iná ńlá ara ògiri kó sọ ọ́ di kékeré: 12 fólítì, 5 àti 3.3. Bí èyí tó ti farapa bá tú iná sílẹ̀ láìníwọ̀n, á jó mọ́dàbọ́ọ̀dù, á jó háàdì dísìkì pẹ̀lú prójẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ tó wà lórí rẹ̀. Páwà páàkì gan-an ló sì dínwó jù nínú gbogbo wọn.

Mo mọ irú àyẹ̀wò tí ọmọkùnrin yẹn máa ṣe. Wọ́n á so wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú, fáànù á yí, wọ́n á ní ó ti dára. Ohun tíyẹn fi hàn ò ju pé kò tíì kú pátápátá lọ. Mítà ló yẹ kó fi wọ̀n ọ́n nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀: kí wáyà yẹ́lò wà láàárín 11.4 sí 12.6, pupa láàárín 4.75 sí 5.25, aláwọ̀ ọsàn láàárín 3.14 sí 3.47. Ká ní kò rùn, tí kò sì kú fúnra rẹ̀, mi ò bá ní kó wọ̀n ọ́n ká wò ó. Ṣùgbọ́n mítà ò gbóòórùn, kò sì rí ohun tó ti yọ́ nínú. Òórùn yẹn àti kíkú tó kú, àwọn méjèèjì ti tó fún mi láti ní kó o sọ páwà páàkì yẹn nù.

Má sì jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn tú u. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di iná tó ju 300 fólítì mú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Bó bá ní fíùsì lásán ló jó, bi í pé kí ló jó o. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà rọ́pò fíùsì, ìwà ìkà ni mo kà á sí. Ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́ náà lo ń sùn, Àjọkẹ́, pépà sì kún ibẹ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó ṣe nìyí: kó yọ háàdì dísìkì, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kẹ́ ẹ da gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ sórí fláàṣì kẹ́ ẹ tó dán ohunkóhun wò. Bó o bá ra páwà páàkì tòkunbọ̀, kí wọ́ọ̀tì rẹ̀ má dín sí ti àtijọ́. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní súìṣì pupa kékeré, kó wà ní 230. Nǹkan bí 120 fólítì ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, èyí tó ti ibẹ̀ wá lè ṣì wà ní 115. Bó o bá so ó mọ́ iná tiwa bẹ́ẹ̀, á bú gbàù.

O ti sọ fún mi rí pé ara páànù kọ̀ǹpútà yẹn máa ń ta ọ́ lọ́wọ́. Ó jọ pé ilé yín ò ní wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà wọ ilẹ̀. Níbi tí kò bá sí i, páwà páàkì tó yè náà lè máa ta èèyàn, o ò sì ní lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́. Sọ fún láńlọ́ọ̀dù kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ fún yín. Kí wọ́n sì fi ẹjọ́ niútírà sùn ní IBEDC, tó gba iṣẹ́ iná Ìbàdàn láti 2013 tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NẸ́PÀ.

Gbé kọ̀ǹpútà náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Màá san ìdajì owó páwà páàkì. Pe àwọn ọmọ tó ń retí prójẹ́ẹ̀tì lónìí, bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá lè dúró, fún un ní iṣẹ́ rẹ̀ kó lọ parí ẹ̀ níbòmíì. Bá mi kí ìyá tí fíríìjì rẹ̀ jó, kó má tíì ra òmíràn títí wọn ó fi so niútírà yẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Bódìjà.