Ilé Àlejò ní Idigny

Idigny wà ní agbègbè Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti òwú.

Ilé àlejò kan wà lẹ́bàá oko. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dé síbẹ̀ láti Cotonou. Ìyá onílé kí i pé, "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọmọbìnrin rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. Àlejò mu díẹ̀, ó fẹ́ da ìyókù nù.

Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má dà á nù. Ilẹ̀ wa ga, omi sì jìnnà nísàlẹ̀." Ó gba igbá, ó da omi náà sí ìdí ata.

Ní òwúrọ̀, àlejò jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀wà. Ó bèèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Ìyá nawọ́ sí oko. "A kò rà á. Òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a sì ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Bí òjò bá kọ̀, kí ni a ó fi ṣe àlejò?"

Kí àlejò tó lọ, ó bá ọmọ náà fa omi ní kànga. Okùn gùn. Ó fà, ó fà, apá ń ro ó. Nígbà tí garawa dé òkè, kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan ṣòfò.

Ìbéèrè
1. Kí ni ọmọ náà fi omi ìyókù ṣe?
2. Kí ni àlejò kọ́ ní kànga?