ARA YÍYÚN ỌMỌ ÀTI IKỌ́ FÉE

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo agboolé ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, bí ọmọ bá ń họ ara ní òru, tí inú oríkèé apá àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ gbẹ, tí ó sì ń ṣomi, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sọ pé làpálàpá ni. Nígbà mìíràn, ẹ́kísímà ni. Kì í ràn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Kí ni ó so ó pọ̀ mọ́ ikọ́ fée?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Awọ ni ògiri ara. Ní ara ọmọ tí ó ní ẹ́kísímà, ògiri yìí kò dí dáadáa. Eruku àti àwọn ohun mìíràn a gba ibẹ̀ wọlé, ara a sì kọ́ láti máa bá wọn jà bí ẹni pé ọ̀tá ni wọ́n. Bí ó bá yá, irú ìjà kan náà lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀nà èémí: a wú, a há, àyà a sì máa han fée. Àwọn méjèèjì a máa rìn nínú ìdílé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ní ẹ́kísímà ni ikọ́ fée ń bá.

Àìsàn wọ̀nyí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní 1998, àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn méjèèjì láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ fi omi tí kò gbóná wẹ ọmọ, láìlo kànìnkànìn líle. Kí ara rẹ̀ tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí faselínì tí kò ní lọ́fínńdà pa á, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́.
2. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí ìpara tí ń bó ara pa á.
3. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí agbada gààrí. Èéfín igi a máa ru ikọ́ fée sókè.
4. Bí dókítà bá ní kí ọmọ máa lo ìnhélà lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá.

Ẹ kíyèsára!

Bí ọmọ kò bá lè sọ̀rọ̀ já gaara, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìjáfara.

Ẹ wo awọ ọmọ yín ní alẹ́ òní. Bí ó bá ń yún un, ẹ fetí sí èémí rẹ̀ pẹ̀lú.