Fífọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín: èló ni yóò náni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkìtìpupa máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Ọ̀nà wo ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n?

Ìdáhùn: Fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ló wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà: bíi wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye ìgbà kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. UCH Ìbàdàn àti UBTH Benin wà lára wọn. Ẹni tó ń san ₦150,000 lọ́sẹ̀ yóò san ₦36,000. Ìyàtọ̀ ńlá gbáà ni!

Ṣùgbọ́n ará Òkìtìpupa gbọ́dọ̀ ṣírò owó ọkọ̀ gba Ọ̀rẹ̀ dé Benin, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ti ẹni tó ń sìn ín lọ. Kí wọ́n tún béèrè bóyá oògùn àti àyẹ̀wò wà nínú iye náà. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń tán lọ́wọ́ ìdílé.

Ọ̀nà kejì ni dída omi oògùn sínú ikùn nílé, lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tún fà á jáde. Kò gba ìrìnàjò lemọ́lemọ́, Thailand sì gbé e ṣíwájú ní 2008. Níbí, omi náà wọ́n, kò sì rọrùn láti rí. Fún ẹ̀gbọ́n yìí, UBTH ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè.