Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: KÍ NI Ó DÀRÚ?

Ní ilé-ìwé, ò ń kọ́ èdè Yorùbá, o sì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Nígbà mìíràn, àwọn àgbà ilé a máa ní kí o túmọ̀ èdè kan sí èkejì fún àwọn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a bá ṣì túmọ̀ lè kó ìpayà bá gbogbo ilé. Ka ìtàn kékeré yìí.

A. Lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọjọ́ kan, ìjì líle jà, ó sì ṣí òrùlé ilé àwọn Bísí. Bàbá Bísí kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí. Nígbà tí èsì lẹ́tà dé, Bàbá kò sí nílé. Ìyá àgbà kò lè dúró dè é. Ó pe Bísí.

"Àjọkẹ́, ọmọ mi, wá ka ìwé yìí fún mi. Kí ni àbúrò bàbá rẹ wí?"

Bísí kúnlẹ̀, ó gba lẹ́tà náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó rí gbólóhùn yìí nínú rẹ̀: "The news upset me." Ó rántí pé olùkọ́ ti kọ́ wọn pé "upset" ni kí a dojú nǹkan dé. Ó ní, "Ìyá àgbà, wọ́n ní ìròyìn náà dojú àwọn dé."

Ìyá àgbà ká ọwọ́ lé orí. "Yéè! Ó dojú ọmọ mi dé bí igbá? Ṣé ọkọ̀ ni ó dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ ni? Ṣé ó ṣì wà láàyè?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá wọlé ní àkókò náà. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ara rẹ̀ le. Ohun tí ó kọ ni pé ìròyìn náà ba òun lọ́kàn jẹ́. Ó tilẹ̀ ní òun yóò fi owó páànù ránṣẹ́."

Ìyá àgbà nu ojú rẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ti òrùlé nìkan, omi ni ó dànù, agbè kò fọ́." Ó wá yíjú sí Bísí. "Àjọkẹ́, o kò purọ́, ṣùgbọ́n o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

B. Níbo ni Bísí ti ṣe àṣìṣe?

Òótọ́ ni olùkọ́ sọ. "Upset" lè jẹ́ kí a dojú nǹkan dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan yìí ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, Yorùbá sì pín iṣẹ́ náà fún oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí o tó túmọ̀ rẹ̀, bi ara rẹ pé: Kí ni ó dàrú? Wo ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé "upset" nínú gbólóhùn. Òun ni yóò dá ọ lóhùn.

1. Ó lè jẹ́ ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn.
"The goat upset the bucket of water." Ewúrẹ́ náà da omi inú korobá nù.
"A big wave upset the canoe." Ìgbì ńlá dojú ọkọ̀ náà dé.

2. Ó lè jẹ́ ètò.
"The rain upset our plans." Òjò da ètò wa rú.

3. Ó lè jẹ́ ènìyàn.
"The news upset me." Ìròyìn náà bà mí lọ́kàn jẹ́.
Ènìyàn kì í ṣe korobá. Ọkàn rẹ̀ ni ó dàrú, kì í ṣe ara rẹ̀. Ibí yìí ni Bísí ti ṣìnà.

4. Ó lè jẹ́ ikùn.
"The beans upset my stomach." Ẹ̀wà náà mú kí inú máa run mí.
Má ṣe sọ pé ẹ̀wà bà ọ́ nínú jẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò máa wá ọ̀nà láti tù ọ́ nínú, kò ní fún ọ ní oògùn!

D. "Upset" nínú eré ìdíje

A tún lè lo "upset" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí bá borí ẹgbẹ́ ńlá, àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì a ní "upset" ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1990, Kamẹrúùnù fi àmì ayò 1 sí òdo borí Ajẹntínà nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, bẹ́ẹ̀ ni Ajẹntínà ni ó ní ife náà lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1996, nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà borí Bùràsíìlì pẹ̀lú àmì ayò 4 sí 3. Lẹ́yìn náà ni wọ́n borí Ajẹntínà pẹ̀lú 3 sí 2, tí wọ́n sì gba góòlù. Kí ni ó dàrú níbẹ̀? Ohun tí gbogbo ènìyàn ti rò tẹ́lẹ̀ ni.

E. Fi àwọn wọ̀nyí sọ́kàn

"Upset" kì í yí padà nígbà tí a bá ń sọ ohun tí ó ti kọjá. Má ṣe kọ "upsetted" láéláé. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ni ó ṣe rí: "mo ra iṣu lánàá" kò yí "ra" padà.

Tún ṣọ́ ẹnu rẹ bí o bá ń pè é. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "set" ni a máa ń tẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "up" ni a máa ń tẹ̀ mọ́. Ìwọ tí o mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ̀ àti ọkọ́, èyí kò le fún ọ.

Ó sì yani lẹ́nu pé ní nǹkan bí ọdún 600 sẹ́yìn, ìtumọ̀ "upset" ni kí a gbé nǹkan nàró. Lónìí, kí a bì í ṣubú ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti dorí kodò!

Nígbà tí àgbà bá tún gbé ìwé lé ọ lọ́wọ́, má ṣe kánjú. Ka gbólóhùn náà parí, wo ohun tí ó dàrú, kí o tó la ẹnu.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Kí ni ìjì ṣe sí ilé àwọn Bísí?
2. Kí ni ó dẹ́rù ba Ìyá àgbà?
3. Kí ni Ìyá àgbà ní lọ́kàn nígbà tí ó ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́?
4. Túmọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sí Yorùbá: (a) "The baby upset the cup." (b) "His words upset my mother." (d) "The strike upset our examination."
5. Fi "dànù", "dàrú" àti "dojú dé" ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.