BÁTÌRÌ ALÙPÙPÙ NÍ ÀKÓKÒ ÒJÒ



Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dé ìdí, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko kì í gba alùpùpù mọ́. Ẹrẹ̀ a gbé táyà mì, afárá onígi a ṣí lọ, ẹni tí ó sì gbọ́n a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a fi tapólì bò ó, a sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko. Ìwà ọgbọ́n ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dá, tí kòkó ti pọ́n lórí igi, àgbẹ̀ náà yóò ṣí tapólì, yóò tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ kò ní dáhùn. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi jí, fèrè rẹ̀ kò ní dún, iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà kò sì ní tàn.

Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, owó bátìrì tuntun yóò jáde láti inú àpò ẹgbẹ́ ní àkókò náà gan-an tí a ń wá owó àpò kòkó àti owó ọkọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé òru ni, tí aboyún ń rọbí ní abúlé tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú ìwé kékeré yìí ni pé bátìrì tí a gbé kalẹ̀ kì í sinmi. Ó ń ná ara rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ní ọdún 1859 ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí, ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò sì tíì yí padà. Nínú àpótí ike náà, àwọn pẹlẹbẹ òjé wà nínú omi áásìdì tí a fi imí-ọjọ́ ṣe. Bátìrì fóltì 12 ní yàrá 6, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú fóltì 2 àti díẹ̀ wá. Nígbà tí iná bá ń jáde, áásìdì a máa wọ ara òjé, a sì di ohun funfun kan bí ẹfun. Omi tí ó kù a di aláìlágbára. Nígbà tí a bá fi iná kún un padà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáájì, funfun náà a tú, áásìdì a sì padà sínú omi. Bí a bá tètè ṣe èyí, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí funfun náà bá wà lára òjé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a gan, a sì le bí iyọ̀ tí ó dì sínú àpò. Iná tí a bá fi sí i lẹ́yìn náà kò ní lè tú u mọ́. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí a ń pè ní ayédèrú ni kì í ṣe ayédèrú rárá. Ebi ni ó pa wọ́n.

Ní ilẹ̀ òtútù, bí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn a máa gbé alùpùpù wọn pamọ́ ní àkókò yìnyín. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi inú bátìrì tí iná rẹ̀ ti tán lè di yìnyín kí ó sì fọ́ àpótí rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ni ọ̀tá tiwa, nítorí bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni bátìrì ń yára ná ara rẹ̀ sí i: a lè sọ pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lọ sókè lórí ìwọ̀n Celsius, ìnáwó náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ wa gbọdọ̀ bẹ bátìrì rẹ̀ wò ju ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ yìnyín lọ. Ẹ má ṣe gbé e sí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ààrò.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ pamọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣáájì bátìrì náà kí ó kún dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Wáyà dúdú, èyí tí ó wà ní orí bátìrì tí a fi àmì − sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó tú pupa, tí ó ní àmì +. Ìdí rẹ̀ ni pé bí sípánà bá kan irin ẹ̀rọ nígbà tí ẹ ń tú pupa, tí dúdú sì wà níbẹ̀, iná yóò ṣẹ́ pàràpàrà. Bí alùpùpù náà bá jẹ́ èyí tí ẹ ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tí ó ni ín fi ẹ̀rọ ìṣọ́ sí i lára, ẹ sọ fún un kí ẹ tó tú wáyà, kí ó má baà rò pé ẹ ti sá lọ. Irú ẹ̀rọ ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ a máa mu iná bátìrì tọ̀sán-tòru, ó sì lè mú un tán kí oṣù méjì tó pé.

Bí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá hù sí orí bátìrì, ẹ fi káún díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fọ̀ ọ́. Yóò hó, ìyẹn ni pé káún ń pa áásìdì náà. Ṣùgbọ́n ẹ di ìdérí gbogbo yàrá rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi káún kò gbọdọ̀ wọ inú bátìrì. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ pa orí rẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ìbòòji wà, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè dé, ni kí ẹ gbé e sí. Àwọn kan ń sọ pé bátìrì tí a gbé sí orí símẹ́ńtì a máa dà iná rẹ̀ sí ilẹ̀. Bátìrì tí àpótí rẹ̀ jẹ́ ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gbé e sí orí pátákó, nítorí áásìdì tí ó bá kán sílẹ̀ a jẹ símẹ́ńtì, a sì jẹ àpò kòkó àti aṣọ pẹ̀lú.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, èyí ni omi. Bátìrì tí ó ní ìdérí tí a lè ṣí ní ilà méjì lára, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Omi inú rẹ̀ gbọdọ̀ wà láàárín wọn. Bí ó bá fà, omi dísítílì nìkan ni kí ẹ bù kún un, èyí ni omi tí a gbà láti ara èéfín omi híhó. Omi kànga, omi ẹ̀rọ àti omi òjò tí ó ti orí páànù ṣàn wá ní ìdọ̀tí tí ń ba òjé jẹ́. Bí ẹ bá sì lọ rà á, ẹ ṣọ́ra: ohun méjì ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní omi bátìrì. Ọ̀kan ni dísítílì. Èkejì ni áásìdì, tí a ń dà sínú bátìrì tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń fi áásìdì kún bátìrì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ń sun òjé inú rẹ̀ ni. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ara ìgò, tàbí kí ẹ mú ọmọ tí ó mọ̀wé dání.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi mítà rewáyà wọn iná rẹ̀. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ tí a bá ṣáájì rẹ̀ tán, bí kò ṣe lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bí mítà bá fi 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ó kún. Bí ó bá fi 12.4 hàn, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ, ẹ gbé e lọ ṣáájì. Bí ó bá ti di 12.0, ẹ ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹni tí kò ní mítà, kí ó kàn máa ṣáájì rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tí a dì pa, tí kò ní ìdérí, a máa pa iná mọ́ jù. Kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ ṣe é ní oṣù méjì-méjì, kí ó má sì ṣe fi ọ̀bẹ ṣí i láéláé.

Ìdámẹ́wàá agbára bátìrì ni iná tí ó yẹ kí a fi sí i. Bátìrì tí a kọ 5Ah sí lára yóò gba ìdajì ámpì. Èyí tí a kọ 9Ah sí, díẹ̀ dín ní ámpì 1. Tí ó bá ti gbẹ pátápátá, yóò tó wákàtí 10 sí 14. Ibí yìí ni ewu ilé ìṣáájì wà. Ẹni tí ń ṣáájì bátìrì a máa to ti mọ́tò àti ti lọ́rì tẹ̀lé ara wọn, wáyà ọ̀kan bọ́ sí èkejì, iná kan náà sì ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí ó bá ti tìrẹ kékeré bọ àárín wọn, iná tí ó tó fún lọ́rì ni yóò gbà, omi rẹ̀ yóò hó, òjé rẹ̀ yóò sì wọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó dá tiyín ṣe, bí ẹ tilẹ̀ ní láti fi owó kún un. Bí kò bá gbà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Níbi tí iná ìjọba kò ti dúró, ẹgbẹ́ lè ra páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré oníwáàtì 10 fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣàkóso iná rẹ̀. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ẹ̀rọ àkóso náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó so páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ má ṣe so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì láìsí i. Akọ̀wé lè kọ orúkọ sí ara bátìrì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pín ọjọ́ fún oníkálukú.

Níbikíbi tí a bá ti ń ṣáájì bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá, kí a má sì gbé fìtílà tàbí ààrò wá sí tòsí. Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú rẹ̀ jáde a máa gbiná, a sì máa bú bí ìbọn. Bí áásìdì bá ta sí ojú, ẹ fi omi tútù púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí adí sí i.

Àwọn mìíràn kì í yọ bátìrì rárá. Wọ́n a máa jí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, wọ́n a sì pa á. Asán ni. Iná tí bọ́tìnì fi jí ẹ̀rọ kì í padà tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀rọ ń dún jẹ́jẹ́, ìkùukùu omi a sì wà nínú páìpù èéfín tí yóò dá ìpẹtà sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gùn ún ní ọ̀nà ọ̀dà fún ìdajì wákàtí.

Bátìrì tí ó bá kú pátápátá, ẹ má ṣe fọ́ ọ láti yọ́ òjé rẹ̀ fi ṣe ẹ̀fọ́n àwọ̀n ẹja, ẹ má sì da áásìdì rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tí ó ti inú òkúta wúrà jáde pa ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ gbé odidi bátìrì náà fún ẹni tí ń tà tuntun. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò yọ owó díẹ̀ fún yín.

Nígbà tí òjò bá dá, tí ẹ fẹ́ dá bátìrì padà, pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ so, kí dúdú kẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀pá rọ́bà kékeré tí ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, kí ó má ṣe ká, kí agbọ́n má sì ti fi amọ̀ dí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, nítorí áásìdì tí ń kán sí orí ṣéènì a máa gé e.