Ásíìdì Tí Kì Í Kan Lẹ́nu

Òde-Ìrèlè nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tòní ti wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó kéré tán ènìyàn 17 kú níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọ́n sì dákú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Èmi tí mò ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣàkíyèsí pé ahọ́n la fi ń dá ásíìdì mọ̀: a ní ó kan. Ṣùgbọ́n methanol kì í kan, kì í sì í ṣe ásíìdì nígbà tí a gbé e mì. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di formic acid, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára èèrà. Òun ló ń fọ́ni lójú, tó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún, yóò hó, kíkan rẹ̀ yóò sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ṣe ń fa sodium bicarbonate sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó tún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣe ásíìdì náà mọ́, àti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Káún mímu nílé kò lè rọ́pò ìwọ̀nyí.

Àmì rẹ̀ lè pẹ́ tó wákàtí 12 sí 24. Bí ojú ẹnìkan bá ṣú lẹ́yìn ògógóró, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́; ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.