Ẹ̀KỌ́ NÍPA ÌTỌ́JÚ ADÌẸ TÚTÙ NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́ tòsí, ẹ̀jẹ̀ adìẹ a máa ṣàn ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo. Kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn ọdún náà tí a fi ń gbọ́ ti inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru láti ilé dé ilé. A máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àjẹjù. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á wádìí ọ̀nà tí a gbà tọ́jú adìẹ náà pẹ̀lú, láti ìgbà tí a ti dú u títí ó fi dé inú ìkòkò.

Nínú ìfun adìẹ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń gbé. Àwọn onímọ̀ ń pe méjì nínú wọn ní Salmonella àti Campylobacter. Wọn a máa gbé inú adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá láìpa á lára, nítorí náà a kò lè fi ojú tàbí imú mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá gbé wọn mì ni yóò mọ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè bọ́ nínú rẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́, aboyún, arúgbó àti aláìlera lè ti ibẹ̀ kú, pàápàá bí omi ara wọn bá gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pọ̀. Ìyàwó ilé kan pa adìẹ ní aago 10 alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọdún, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó dé e mọ́ inú abọ́, ó sì lọ sùn. Bí kòkòrò kan ṣoṣo bá ń di méjì ní ìṣẹ́jú 30, nígbà tí yóò fi di aago 6 òwúrọ̀ ó ti di 65,536. Ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè pa wọ́n tán. Adùn ni wọ́n ń fi kún ẹran. Adìẹ tútù kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí 2 lọ, bí ooru bá sì ju 32 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, kí ó má ju wákàtí 1 lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí kò ní fíríìjì jí ní ìdájí, kí ó pa adìẹ rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò sè é gan-an.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọdún 2014, àjọ ìjọba tí ń bójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn kí wọn má ṣe fọ adìẹ tútù, nítorí omi tí ń dà sórí rẹ̀ a máa ta Campylobacter sí ara aṣọ, àwo àti tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ka èyí sí ìwà ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n adìẹ tí wọ́n ń rà lọ́hùn-ún ti mọ́ kí ó tó dé ọjà; tiwa tí a pa ní ẹ̀yìnkùlé ní ẹ̀jẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti eérú lára. Èrò tiwa ni pé kí á fọ irú èyí, ṣùgbọ́n nínú abọ́ jíjìn tí omi ti wà nínú rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, kí ó sì jìnnà sí àwo àti ọmọdé.

Kí á má ṣe fi ọ̀bẹ àti pákó tí a fi gé adìẹ tútù gé tòmátò tàbí àlùbọ́sà tí a ó jẹ ní tútù, àfi bí a bá kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Ọwọ́ ńkọ́? Obìnrin mìíràn a máa ti inú adìẹ ki ọwọ́ bọ igbá iyọ̀ tààrà. Kí á bu iyọ̀ tí a fẹ́ lò sọ́tọ̀ kí á tó fọwọ́ kan ẹran.

Àṣà àwọn ìyá wa dára, tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ bọ adìẹ kí wọn tó dín in. Bí ooru 74 lórí ìwọ̀n Celsius bá dé ibi tí ẹran nípọn jù, àwọn kòkòrò wọ̀nyí yóò kú. Omi tí ń hó sì gbóná ju èyí lọ dáadáa. Adìẹ ìbílẹ̀ le, kò sí ẹni tí yóò tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Adìẹ àgíríìkì tí ó rọ̀ ni kí á ṣọ́. Ẹ gún oríkèé itan rẹ̀. Bí omi tí ó jáde bá ṣì pọ́n, ẹ dá a padà sórí iná.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe sáré dú adìẹ tí ń ṣàìsàn nítorí kí ó má baà kú dànù. A mọ̀ pé ó ṣòro láti wo owó ẹni kí ó máa ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2006, a rí àrùn adìẹ tí a ń pè ní H5N1 ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Sísè a máa pa kòkòrò yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dú adìẹ náà tí ó sì tu ìyẹ́ rẹ̀ lè ti kó o kí ìkòkò tó dé orí iná.

Ní ti fíríìjì, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ààyè adìẹ tútù, nínú abọ́ tí ó ní ọmọrí, kí omi ara rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ tí ó ti jinná. Kí ibẹ̀ má gbóná ju 4 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, kí á sì sè é láàrin ọjọ́ 1 tàbí 2. Nínú fírísà ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n dídì kì í pa kòkòrò tán; ṣe ni ó ń mú wọn sùn. Bí a bá gbé adìẹ dídì sórí tábìlì kí ó lè yọ́, ara òde rẹ̀ a ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí inú tó yọ́, wọn a sì jí. Inú fíríìjì ni kí á ti jẹ́ kí ó yọ́ láti òru.

Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ má máa ṣí ilẹ̀kùn. Fíríìjì tí a kò ṣí a máa pa òtútù mọ́ fún wákàtí 4. Fírísà tí ó kún, wákàtí 48. Èyí tí ó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Nígbà tí iná bá dé, ẹran tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ṣeé dá padà. Èyí tí ó ti rọ̀, tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí 2 lọ, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má sì fún ajá. Ẹ gbẹ́lẹ̀ kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.